Àdàkọ Kì Í Ṣe Ìwádìí

Bí àkókò projéètì jọ́gíráfì bá ti dé ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, oní-bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ni ọjà ń tà fún. Tíṣà á kọ àkọlé sára pátákó: Ìyípadà Ojú Ọjọ́ Lágbàáyé, Ìdọ̀tí Ike Nínú Òkun, Àpọ̀jù Èrò Nínú Ìlú Ńlá. Ọmọ á gbé àkọlé lọ bá bọ̀dá tó jókòó ti kọ̀ǹpútà. Bọ̀dá á wá a lórí Google, á gé díẹ̀ níhìn-ín, á lẹ díẹ̀ mọ́ ọn lọ́hùn-ún, á fi àwòrán béárì funfun tó dúró lórí yìnyín síwájú, á tẹ̀ ẹ́ jáde, á sì dì í. Ọmọ sanwó, iṣẹ́ parí. Lọ́jọ́ kejì tíṣà á ṣí i fìrì, á wo bó ṣe nípọn tó, á sì fún un ní máàkì.

Mi ò dá ọmọ lẹ́bi, mi ò sì bá bọ̀dá oní-kọ̀ǹpútà jà. Oúnjẹ òòjọ́ ló ń wá. Èrò kan ló bí àṣà yìí, ó sì ti mọ́ wa lára débi pé kò sẹ́ni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Èrò ọ̀hún ni pé ọ̀rọ̀ tó bá kan gbogbo ayé ti ju agbára ọmọ ọdún 16 lọ. Pé àwọn onímọ̀ ńláńlá ti wádìí rẹ̀ tán. Pé ohun tó kù fún akẹ́kọ̀ọ́ kò ju kó ṣa ọ̀rọ̀ wọn jọ, kó sì tò ó kó lẹ́wà. Àwọn tó di èrò yìí mú kì í ṣe òpè. Tíṣà tó mọṣẹ́ wà nínú wọn, òbí tó kàwé yanjú wà nínú wọn. Síbẹ̀ irọ́ ni. Kò síbi tí èèyàn ti lè wádìí ìṣòro àgbáyé àfi ní ojú kan pàtó, níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè tẹ̀, pẹ̀lú ìbéèrè tí èsì rẹ̀ lè yàtọ̀ sí ohun tó ti ń rò tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti ìdí. Ní nǹkan bí ọdún 240 ṣáájú ìbí Kristi, Eratosthenes, ọ̀gá ilé ìkàwé ńlá ìlú Alẹkisáńdíríà ní Íjíbítì, fẹ́ mọ bí ayé ṣe tóbi tó. Ìbéèrè wo ló tún lè jẹ́ ti àgbáyé ju ìyẹn lọ? Kò rìn yí ayé ká. Ó ti gbọ́ pé ní Syene, ìlú tí à ń pè ní Aswan lónìí, ọjọ́ kan wà láàárín ọdún tí oòrùn ọ̀sán gangan máa ń wọ inú kànga lọ tààrà. Lọ́jọ́ yẹn, ní Alẹkisáńdíríà níbi tó wà, òjìji ṣì ń bẹ. Ó wọn ín, ó sì rí i pé igun rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú 50 ìyípo. Ó fi 50 sọ ọ̀nà tó wà láàárín ìlú méjèèjì di púpọ̀, iye tó rí kò sì jìnnà púpọ̀ sí ohun tí ẹ̀rọ ń sọ fún wa lónìí.

Ẹ wo bó ṣe tò ó. Ọ̀rọ̀ kànga Syene, ẹnu ẹlòmíràn ló ti gbọ́ ọ. Jíjìn ìlú méjèèjì, ọwọ́ ẹlòmíràn ló ti gbà á. Òjìji ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ nìkan ló wọ̀n. Ṣùgbọ́n ká ní kò wọn òjìji yẹn ni, gbogbo èyí tó kù ì bá jẹ́ ìtàn kànga lásán.

Ẹni tó bá ní ayé àtijọ́ nìyẹn, kó wá gbọ́ ti ayé òde òní. Ní 1958, Charles David Keeling gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sórí òkè Mauna Loa ní Hawaii, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọn carbon dioxide inú afẹ́fẹ́. Nǹkan bí 315 nínú mílíọ̀nù kan ló bá níbẹ̀ lọ́dún náà. Lónìí ó ti ré kọjá 420. Ọ̀pọ̀ ìwé tí àwọn ọmọ wa ń dà kọ nípa ìyípadà ojú ọjọ́ fẹ̀yìn ti iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní orí òkè kan ṣoṣo yìí. Àwọn tó mọ̀ nípa ayé, ojú kan ni wọ́n dúró sí kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n. Àwa la wá ń kọ́ ọmọ pé kó má dúró síbì kankan.

Ìpalára tí èyí ń ṣe kọjá ti máàkì. Ẹ jẹ́ ká lọ sí etíkun Èkó. Ká ní àkọlé tí wọ́n fún ọmọ ni òkun tó ń ga sókè. Á rí i nínú ìròyìn IPCC, àjọ àgbáyé lórí ìyípadà ojú ọjọ́, pé láàárín 1901 sí 2018, òkun ayé ti fi nǹkan bí 20 sẹ̀ǹtímítà ga sí i. Òótọ́ ni. Á wá kọ ọ́ tẹ̀ lé e pé ìdí abájọ nìyẹn tí òkun fi jẹ Bar Beach ní Victoria Island tán. Ibẹ̀ ló ti ṣìnà.

Láàárín 1908 sí 1912, ìjọba amúnisìn to òkúta ràgàjì wọ inú òkun ní ẹnu ọ̀nà ọ̀sà Èkó, kí ọkọ̀ ńlá lè máa wọlé láìfi ìdí gbá iyanrìn. Etíkun wa sì rèé, láti ìwọ̀-oòrùn ni ìgbì ti ń wọ́ iyanrìn lọ sí ìlà-oòrùn. Òkúta dí i lọ́nà. Iyanrìn bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ sápá ìwọ̀-oòrùn, lọ́dọ̀ Lighthouse Beach, ilẹ̀ ibẹ̀ sì ń fẹ̀. Ní apá ìlà-oòrùn, níbi tí Bar Beach wà, iyanrìn tuntun ò wọlé mọ́, òkun sì ń gé èyí tó wà níbẹ̀ lọ. Ìjọba da iyanrìn síbẹ̀ léraléra, omi ń kó o lọ, títí tí wọ́n fi wá mọ ògiri sínú òkun tí wọ́n sì ń kọ́ ìlú tuntun Eko Atlantic sẹ́yìn rẹ̀. Lónìí, àwọn ará Òkun Alfa, níwájú lápá ìlà-oòrùn, ń ké pé òkun ń gba ilé mọ́ àwọn lọ́wọ́.

Omi kan náà ló ń fọ ìwọ̀-oòrùn àti ìlà-oòrùn. Bó bá jẹ́ pé gíga òkun nìkan ló wà nídìí ọ̀rọ̀, báwo ni ẹ̀gbẹ́ kan ṣe ń sanra tí ẹ̀gbẹ́ kejì ń rù? Kì í ṣe pé òkun ò ga; ó ga, ilẹ̀ tí òkúta yẹn ti sọ di aláìlágbára ló sì máa ń rí ìyà rẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n ọmọ tó di gbogbo ẹrù ru ojú ọjọ́ ti tú ẹni tó to òkúta sílẹ̀ láìmọ̀. Ó ti kọ́ láti gbà pé kò sẹ́ni tó ṣe nǹkan, ayé ló rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí àdàkọ fi ń kọ́ ọmọ wa nìyẹn, ó sì burú ju àìmọ̀ lọ.

Kí la wá fẹ́ kí ọmọ náà ṣe? Kó yí àkọlé padà di ìbéèrè: ṣé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ẹnu ọ̀nà ọ̀sà Èkó ń sún sẹ́yìn bákan náà? Ìbéèrè yẹn ṣe é wọ̀n. Láti 1972 ni sátẹ́láìtì Landsat ti ń ya àwòrán ilẹ̀ ayé, Google Earth sì ń fi àwòrán ọdún tó ti kọjá hàn lọ́fẹ̀ẹ́. Kó mú ojú kan tí kì í yẹ̀, oríta tàbí igun ilé àtijọ́, kó fa ìlà láti ibẹ̀ dé etí omi lórí àwòrán ọdún kọ̀ọ̀kan, kó kọ iye mítà sílẹ̀. Kó ṣe é ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Lẹ́yìn náà, kí òun àti tíṣà rẹ̀ lọ síbẹ̀ pẹ̀lú téèpù, kí wọ́n wọn ín lójú ilẹ̀, kí wọ́n kọ aago tí wọ́n débẹ̀ sílẹ̀ nítorí omi òkun máa ń wọlé ó sì máa ń jáde, kí wọ́n sì bi àwọn bàbá apẹja ibi tí ọkọ̀ wọn ti máa ń gúnlẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bó bá wá rí i pé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ń sún sẹ́yìn bákan náà, á jẹ́ pé ohun tí mo sọ lókè yìí kò tó láti fi ṣàlàyé. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó ní: èyí tó lè já tíṣà àti òǹkọ̀wé ní irọ́.

Bó bá sì jẹ́ ọmọ Ìlàjẹ ni, ìbéèrè rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ ti ọmọ Èkó. Àyetòrò, ìlú Ìlàjẹ tí àwọn onígbàgbọ́ tẹ̀ dó ní 1947 ní ìpínlẹ̀ Òǹdó, ń bọ́ sínú òkun, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ ni etíkun ibẹ̀, kì í ṣe iyanrìn. Ẹrẹ̀ ní ìwà tirẹ̀ níwájú ìgbì. Ìròyìn kan náà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ọmọ méjèèjì máa dà kọ. Bí wọ́n bá jáde lọ wò ó, ohun tí wọ́n máa bá kò ní jọra.

Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ àwọn kan tó ń bá mi gbe ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Wọ́n gbà pé ó yẹ kí ọmọ jáde, ṣùgbọ́n wọ́n á kó ọmọ 60 sínú bọ́ọ̀sì, wọ́n á gbé wọn dé etí omi, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á jẹ mítípáì, wọ́n á sì padà wálé. Èyí ò sàn ju bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà lọ. Owó ọkọ̀ ló kàn lé lórí. Ilé ni iṣẹ́ pápá ti ń yọrí tàbí tí ó ti ń bàjẹ́. Télọ̀ tó fi sísọ́ọ̀sì sí aṣọ kó tó wọn oníbàárà, aṣọ ló fẹ́ bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tó kéré, tó sì súnmọ́ ilé, hàn yín. Ní January 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de abọ́ sitairofóòmù, abọ́ funfun tí wọ́n fi ń bu ráìsì fún oníbàárà. Ọ̀rọ̀ ike kan gbogbo ayé. OECD, àjọ tó ń rí sí ọrọ̀-ajé àwọn orílẹ̀-èdè, ní nǹkan bí ìdá 9 péré nínú 100 ìdọ̀tí ike lágbàáyé ló ń di àtúnlò. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Èkó lè béèrè pé: nínú gọ́tà ọjà àdúgbò wa, ìdá mélòó nínú ìdọ̀tí ike ni abọ́ funfun yẹn, kí ló sì gba ipò rẹ̀?

Ìpalẹ̀mọ́ rẹ̀ rèé. Kí wọ́n mú gọ́tà mẹ́ta kí wọ́n tó kúrò nílé: ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bùkátéríà, ọ̀kan níwájú ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀kan ní àárín ilé gbígbé. Kí wọ́n má dúró di ìgbà tí wọ́n débẹ̀ kí wọ́n tó yàn, torí ibi tó dọ̀tí jù ni ojú máa gbé wọn lọ. Kí wọ́n fi okùn so igi mẹ́rin pọ̀ di fírémù mítà kan níbùú lóròó, èyí tí wọ́n máa gbé lé ojú gọ́tà ní ìgbésẹ̀ mẹ́wàá mẹ́wàá. Kí wọ́n yan ọjọ́ tí ọkọ̀ akólẹ̀ kì í wá, kí wọ́n sì lọ ní aago kan náà nígbà gbogbo. Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, kí wọ́n sún un síwájú, nítorí àgbàrá á ti kó ìdọ̀tí òkè wá sí ìsàlẹ̀. Kí wọ́n ti fa tábìlì sínú ìwé láti ilé: ọ̀rá piọ́ wọ́tà, náílọ́ọ̀nù, ike ọlọ́mi, abọ́ funfun, àti àlàfo fún ohun tí wọn ò retí. Kí ọmọ méjì ka fírémù kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láìwo ìwé ara wọn; bí iye wọn bá fi púpọ̀ yàtọ̀, kí wọ́n tún un kà. Ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́, bàtà tó bo ẹsẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ lásán kan omi gọ́tà.

Kí wọ́n sì kọ́kọ́ lọ kí Ìyálọ́jà. Ó dájú pé ìyá kan á bi wọ́n pé, "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, kí lẹ sọ nù sínú gọ́tà?" Kí wọ́n kúnlẹ̀, kí wọ́n dọ̀bálẹ̀, kí wọ́n ní, "Ẹ káàárọ̀ mà. Ìdọ̀tí ike là ń kà, tíṣà wa ló rán wa." Ìdáhùn ìyá yẹn náà ìwádìí ni. Bí ó bá ní òun ti padà sí ewé, tàbí pé náílọ́ọ̀nù lòun ń dì í sí báyìí, ọmọ ti rí ohun tí kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì kankan: ibi tí òfin já sí nígbà tó dé orí tábìlì oníráìsì. Bó bá sì jẹ́ pé ike ọlọ́mi ò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú gọ́tà, tí ọ̀rá piọ́ wọ́tà kún ibẹ̀ dẹ́múdẹ́mú, kí ó béèrè ẹni tó ń ṣa ike, iye tó ń tà á, àti ìdí tí kò fi ṣa ọ̀rá. Ibẹ̀ ni ìdá 9 inú 100 ti OECD á ti ní ìtumọ̀ lójú rẹ̀.

Ẹ ò rí i pé mi ò lé ìwé àti íntánẹ́ẹ̀tì jáde? Ipò tó yẹ wọ́n ni mo fi wọ́n sí. Ohun tí ẹlòmíràn kọ náà gba ìwádìí. Ọmọ tó ń kọ nípa àpọ̀jù èrò á bá iye èèyàn Èkó pàdé lóríṣiríṣi, á sì mú èyí tó bá kọ́kọ́ yọ. Kò mọ̀ pé láti ìgbà ìkànìyàn 2006 ni Nàìjíríà kò ti ka orí mọ́, pé gbogbo iye tó jáde lẹ́yìn rẹ̀, ìṣirò àfojúdá ni. Kò mọ̀ pé lọ́dún 2006 yẹn gan-an, ìjọba àpapọ̀ ní èèyàn 9,113,605 ló wà ní ìpínlẹ̀ Èkó, tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó yarí pé èyí tí àwọn kà lé ní mílíọ̀nù 17. Ìyàtọ̀ mílíọ̀nù 8! Owó tó ń ti Àbújá wá àti agbára òṣèlú rọ̀ mọ́ iye yẹn, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi ka tiẹ̀ ní kékeré. Kí ọmọ tó kọ iye kankan sílẹ̀, kó béèrè: ta ló kà á, lọ́dún wo, báwo ló ṣe kà á, èrè wo ló wà níbẹ̀ fún un? Ọmọ tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ka gọ́tà rí, tó ti rí bí iye òun àti ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe yàtọ̀, òun ló máa rántí béèrè.

Mo mọ ohun tí wọ́n máa fi dá mi lóhùn. Wọ́n á ní kò sówó, ọ̀nà ò sì dáa. Lóòótọ́ ni, òbí tó bá kọ̀ kí ọmọ rẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ìlú mìíràn lásìkò yìí kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ta ló ní ìlú mìíràn? Gọ́tà tó wà lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ ò gba owó ọkọ̀. Fírémù, okùn, ìwé àti bírò kò wọ́n tó owó tí wọ́n ń san fún títẹ̀ àti dídì projéètì tí ẹnikẹ́ni ò ní kà. Èrò pé ìṣòro àgbáyé wà níbi tó jìnnà ló sọ ọ́ di ọ̀wọ́n.

Wọ́n á ní iye tí ọmọ bá kà kò lè péye bíi ti onímọ̀. Kò lè péye, kò sì yẹ kó péye. Kí ọmọ kọ ọ́ síbẹ̀ pé gọ́tà mẹ́ta péré ni òun dé, pé òjò da ọjọ́ kan rú, pé òun ò rí ìdọ̀tí tó ti rì sínú ẹrẹ̀. Orí tó bá kọ irú èyí sí ni kí tíṣà kọ́kọ́ kà, torí ibẹ̀ ni ọgbọ́n ọmọ ti ń hàn. Iye tó péye tí a ò mọ bí wọ́n ṣe rí i kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan.

Wọ́n á tún ní ìdánwò ò béèrè rẹ̀. Ìlànà ẹ̀kọ́ jọ́gíráfì fúnra rẹ̀ mẹ́nu ba iṣẹ́ pápá. Àwa la máa ń fò ó. Ní Ìlú Ọba, ọmọ Yorùbá tó ń ka jọ́gíráfì fún A-level ní Lọ́ńdọ̀nù ò lè fò ó: ó kéré tán, ọjọ́ mẹ́rin ni iṣẹ́ pápá rẹ̀, ìdá 20 nínú 100 máàkì rẹ̀ sì wà lórí ìwádìí tó gbé kalẹ̀ fúnra rẹ̀, láti orí ìbéèrè dé ìparí. Mọ̀lẹ́bí ni ọmọ yẹn àti èyí tó wà ní Mushin. Kí ló dé tí ọ̀kan á fi máa wádìí ayé tí èkejì á máa dà á kọ?

Èyí tó sì pa gbogbo àwíjàre wọn ni pé fóònù ti lè kọ projéètì báyìí láàárín ìṣẹ́jú kan, pẹ̀lú èdè tó dán ju ti bọ̀dá bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà lọ. Bí ẹ̀rọ bá lè ṣe iṣẹ́ tí a fún ọmọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kúrò lórí àga, iṣẹ́ yẹn ò dán ọmọ wò mọ́. Ẹ̀rọ lè to ohun tí aráyé ti mọ̀. Kò mọ ohun tó wà nínú gọ́tà yín láàárọ̀ yìí àyàfi tí ẹnì kan bá lọ kà á.

Nítorí náà, ẹ̀yin tíṣà wa, ọwọ́ yín ni mo fi í lé. Ẹ má ṣe fún ọmọ kankan ní àkọlé lásán mọ́. Kó tó kọ orí kìíní, kó mú ojú ìwé kan ṣoṣo wá tó sọ nǹkan mẹ́rin: ìbéèrè rẹ̀, ibi tó fẹ́ lọ, ohun tó fẹ́ wọ̀n tàbí tó fẹ́ kà níbẹ̀, àti èsì tó lè fi hàn pé ohun tó ń rò kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí kò bá lè kọ ìkẹrin, ẹ dá a padà. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá ní kẹ́ ẹ wá fún òun lówó títẹ̀ àti dídì, ẹ bi í léèrè ojú ìwé yẹn kí ẹ tó na ọwọ́ sí àpò.